Páálí Kan, Ilé Márùn-ún

Ẹni tó bá fẹ́ sin adìẹ mẹ́wàá péré lẹ́yìnkùlé kó lè máa rí ẹyin jẹ nílé yóò tètè rí i pé ọjà kò ka òun sí. Páálí òròmọdìẹ tó ń ti ilé ìpamọ-adìẹ bọ̀, 50 ló ń wà nínú rẹ̀. Igo oògùn àjẹsára àrùn lùkúlùkú tí a sábà máa ń rí rà, adìẹ 200 ni wọ́n ṣe é fún, bí wọ́n bá sì ti pò ó mọ́ omi, láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì ló gbọ́dọ̀ ti dé ara adìẹ tán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi lásán ni. Àpò fíìdì, kílò 25. Àwọn tó ṣètò òwò yìí, olóko ńlá ni wọ́n ní lọ́kàn. Onílé tó ní àyè díẹ̀ láàárín ilé ìdáná àti kànga kò sí nínú ìṣirò wọn.

Ohun tó máa ń tẹ̀lé e kò ṣòroó sọ. Onítọ̀hún á lọ ra mẹ́wàá lọ́wọ́ alágbàtà lọ́jà. Kò ní mọ ọjọ́ tí wọ́n pa wọ́n, kò ní mọ̀ bóyá akọ ni wọ́n tàbí abo, kò sì ní fún wọn ní oògùn àjẹsára, torí ta ni yóò ra igo 200 nítorí adìẹ mẹ́wàá? Ọyẹ́ á dé, lùkúlùkú á bá ọyẹ́ wọlé, a ó sì máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé orí òun kò gba ohun ọ̀sìn. Irọ́ ni. Kò sí orí tó kọ adìẹ. Ẹrù náà ni kò ṣeé dá rù, ohun tí mo sì fẹ́ sọ fún ará Ògèrè Rẹ́mọ tó bá ń gbèrò rẹ̀ ni pé kó má dá a bẹ̀rẹ̀. Kí ilé márùn-ún dáwó jọ ra páálí kan.

Àárò ni àwọn baba wa ń pe irú rẹ̀ lóko: lónìí a kọ ebè tèmi, lọ́túnla a kọ tìrẹ. Ti adìẹ kò yàtọ̀. Páálí kan, igo oògùn kan, iná kan, yàrá kan fún ọ̀sẹ̀ 8 àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà kí oníkálùkù gbé mẹ́wàá tirẹ̀ lọ sílé.

Mi ò mọ ìlú tí ètò yìí bá mu ní Rẹ́mọ tó Ògèrè. Ìlú Ológèrè wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́, ẹ̀gbẹ́ márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 ló sì wà. Ẹni tí kò tíì sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ rí pàápàá mọ̀ ọ́n mọ́ àwọn tírélà tó máa ń tò síbẹ̀ lọ bẹẹrẹbẹ. Àgbàdo tó ń ti òkè Ọya bọ̀ sí Èkó ń gba iwájú ìlú kọjá. Àwọn máìṣáì tó ń se índómì fún awakọ̀ lóru kò lè ṣe kí wọ́n má fọ́ ẹyin sí i, kíréètì ni wọ́n sì fi ń rà á. Lóṣù Ẹ̀kẹjọ ọdọọdún, Ìjọ Olúwa (Aládùúrà) tí Josiah Olúnówó Òṣítẹ́lù dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1930 máa ń ṣe àjọ̀dún Tabieorar, èrò a sì máa wọ ìlú láti ọ̀nà jíjìn títí kan òkè òkun. Èrò kì í fi ebi sùn. Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù pé ẹyin tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ti ilé kò ní rí ẹni rà á.

Àmọ́ ohun tó fi Ògèrè ṣe olórí ire ni pé àwọn dókítà ẹran wà nílùú. Animal Care, iléeṣẹ́ tí Dókítà Ọlátúndé Agbato ti jẹ́ ààrẹ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ògèrè ni olú-ilé rẹ̀ wà. Iléeṣẹ́ ọ̀hún ń ta oògùn ẹran, ó ń ṣe fíìdì, ó sì ní yàrá àyẹ̀wò. Àwọn olóko láti ibi tó jìnnà ń wá a wá. Ó wá jẹ́ ohun ìyanu pé ọmọ Ògèrè kan á jókòó sílé, adìẹ rẹ̀ á kú mẹ́ta láàárọ̀, á sì máa fi ata àti ọsàn wẹ́wẹ́ tọ́jú ìyókù.

Kí owó tó jáde lápò, ẹ kọ́kọ́ jíròrò irú adìẹ tí ẹ fẹ́. Adìẹ ìbílẹ̀ tó ń rìn kiri ìta, ẹyin tó ń yé lọ́dún kò ju bí 40 sí 80 lọ. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Bó bá yé bíi mẹ́wàá sí méjìlá, á sàba, á fi ọjọ́ 21 jókòó lé e, á tún fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ da àwọn ọmọ kiri kó tó ronú ẹyin mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ adìẹ, òun ni kó rà. Ẹni tó fẹ́ ẹyin ní láti wá èyí tí wọ́n ti yọ àbá ìsàba kúrò lára ìran rẹ̀, bíi Isa Brown aláwọ̀ ilẹ̀ pupa tí àwọn ará Faransé kọ́kọ́ mú jáde, tàbí àwọn dúdú bíi Nera àti Harco. Bí ìtọ́jú bá pé, Isa Brown kan lè yé 300 ẹyin lọ́dún. Ṣùgbọ́n kò mọ ìyá ṣe rárá: á yé e tán, á sì fi í sílẹ̀ lọ.

Láàárín àwọn méjèèjì ni FUNAAB Alpha wà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ọ̀gbìn tó wà ní Abẹ́òkúta níhìn-ín ló ṣe é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Adébámbọ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa adìẹ ilẹ̀ wa lẹ́ṣà, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ti òkèèrè, ìjọba sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2018. Adìẹ Noiler ti iléeṣẹ́ Amo ní Awẹ́, nítòsí Ọ̀yọ́, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tí wọ́n pín fún àwọn ará abúlé láti dán wò nínú ètò African Chicken Genetic Gains tó wáyé ní Nàìjíríà, Ethiopia àti Tanzania. Wọ́n lágbára ju Isa Brown lọ níta gbangba, ẹran wọn pọ̀, ẹyin wọn kò pọ̀ tó tirẹ̀. Èrò tèmi ni pé ilé tó wà nínú ọgbà, tí adìẹ kò ní jáde, kó mú Isa Brown tàbí adìẹ dúdú. Ilé tó wà létí oko, tí adìẹ lè fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀ wá kòkòrò jẹ, kó mú FUNAAB Alpha. Ilé márùn-ún tó pawọ́ pọ̀ gbọ́dọ̀ mú ẹyọ kan, kí wọ́n má pa ìran méjì pọ̀ nínú páálí kan náà.

Ọgbọ́n kan wà tí gbogbo ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ alágbàtà gbọ́dọ̀ mú lọ. Ọmọ Isa Brown, àwọ̀ ni a fi ń mọ akọ yàtọ̀ sí abo láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti pa á: abo pọ́n bí oyin, akọ funfun rẹ́súrẹ́sú. Ti àwọn adìẹ dúdú, àmì funfun kan wà lórí akọ bí ẹni kán ẹfun sí i, orí abo dúdú. Ẹni tó bá ń ta òròmọdìẹ funfun fún ọ, tó ní ti ẹyin ni, ó ń ta akọ fún ọ ni, tàbí kó jẹ́ adìẹ ẹlẹ́ran tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yóò ti tó pa jẹ. Ìdí rèé tó fi sàn kí ilé márùn-ún lọ fi owó sílẹ̀ fún aṣojú ilé ìpamọ-adìẹ gan-an, kí páálí wọn dé pẹ̀lú èdìdì lára rẹ̀.

Òròmọdìẹ lè rìn jìnnà kó má kú. Nígbà tó kù díẹ̀ kó jáde nínú èèpo, ó fa ìyókù pupa ẹyin wọ inú ikùn ara rẹ̀, ìyẹn sì lè gbé e ró fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta láìjẹ láìmu. Ìyẹn ni wọ́n fi ń kó o láti Ọ̀tà tàbí Ìbàdàn lóru tó fi ń dé Kánò láàyè. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé ọwọ́ yín, oúnjẹ ọ̀nà ti tán nìyẹn. Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún un, kí ṣúgà díẹ̀ wà nínú rẹ̀; kẹ́ ẹ mú bíi mélòó kan, kẹ́ ẹ rọra ti ẹnu wọn bọ omi kí àwọn tó kù lè rí i. Oúnjẹ á tẹ̀lé e ní wákàtí kan tàbí méjì sí i.

Yàrá tí wọ́n máa kó wọn sí, kí iná ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí, torí ibẹ̀ ni owó máa ń bá rìn. Òròmọdìẹ kò ní ìyẹ́, irun lásán ló wà lára rẹ̀, kò lè mú ara rẹ̀ móoru. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ooru ibi tó wà gbọ́dọ̀ tó dígíríì 32 sí 35. Lẹ́yìn náà a ó máa dín in kù ní bíi mẹ́ta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí yóò fi hu ìyẹ́. Ní ọ̀sán gangan ní Rẹ́mọ, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ náà tán fúnra rẹ̀. Òru ni ọ̀tá, pàápàá aago méjì sí mẹ́fà ìdájí. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé gílóòbù tí iná mànàmáná ń tàn, kó ní ìkòkò èédú tàbí àtùpà sí ẹ̀gbẹ́. Ìkòkò èédú yìí, ìta ni ẹ ti máa dá iná rẹ̀ títí èéfín yóò fi tán pátápátá kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé, kẹ́ ẹ sì fi ojú àlàfo sílẹ̀ lókè ògiri. Afẹ́fẹ́ olóró tí èédú ń tú jáde kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn bó ṣe ń pa adìẹ.

Kò pọn dandan kẹ́ ẹ ra ohun èlò tó ń wọn ooru. Ẹ yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ wò wọ́n. Bí wọ́n bá ń gorí ara wọn nídìí iná, tí wọ́n ń ké kíkankíkan, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá fún iná, tí wọ́n la ẹnu, tí wọ́n na apá, ooru ti pọ̀ jù. Bí gbogbo wọn bá kó jọ sí igun kan ṣoṣo, atẹ́gùn ń wọlé láti òdìkejì. Bí wọ́n bá tàn ká bí àgbàdo tí a fọ́n sílẹ̀, tí àwọn kan ń jẹ, tí àwọn kan ń sùn, ẹ padà lọ sùn.

Ẹ̀ẹ́rún pákó tí àwọn káfíńtà fá kúrò ni ẹ tẹ́ sílẹ̀, kó jìn tó ìka mẹ́ta ní ìbú. Kẹ́ ẹ fi ìwé ìròyìn bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí òròmọdìẹ kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín oúnjẹ àti ẹ̀ẹ́rún. Tó bá yá, ẹ ká ìwé náà kúrò. Ibi tí omi bá dà sí, ẹ kó o jáde lójú ẹsẹ̀: ẹ̀ẹ́rún tó tutù ni ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣe ilé, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà ló sì máa ń yọjú. Lóṣù Kẹfà àti Keje tí òjò kò gbà fún ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, iṣẹ́ yìí le.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí oògùn àjẹsára, torí òun gan-an ló bí ọ̀rọ̀ ilé márùn-ún. Àrùn tí a ń pè ní lùkúlùkú, tí àwọn oníwèé ń fi orúkọ Newcastle, ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti rí i ní 1926, pè, láàárín oṣù Kejìlá 1952 àti oṣù Kejì 1953 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Ẹ wo oṣù náà dáadáa: ìgbà ọyẹ́ ni. Títí di òní, ìgbà ọyẹ́ ló ń jà jù. Adìẹ á máa ya ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ọrùn rẹ̀ á lọ́ sẹ́yìn, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó lè gbá gbogbo àdúgbò. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Ìdènà nìkan ló wà, ìdènà náà kò sì wọ́n: iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, nítòsí Jọ́ọ̀sì, tó ti wà láti 1924, ń ṣe é.

Àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kán sójú òròmọdìẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa á, ilé ìpamọ-adìẹ sì sábà máa ń ṣe ìyẹn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àrùn Marek. Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó gbà á. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì, oògùn Gumboro á wọ inú omi wọn, ìyẹn àrùn tó gba orúkọ abúlé kan ní Delaware ní Amẹ́ríkà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, Lasota fún lùkúlùkú. Láàárín rẹ̀, ìkejì Gumboro. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, abẹ́rẹ́ ilẹ̀ẹ́gbóná adìẹ ní apá àti Komarov, tí òun náà jẹ́ ti lùkúlùkú, nínú iṣan, tí wọ́n á tún fi ìkejì Komarov gbè é kí ẹyin tó bẹ̀rẹ̀. Dókítà ẹran ló máa sọ ọjọ́ gan-an fún yín. Ẹ má gba ìwé ìlànà lọ́wọ́ aládùúgbò.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó ni ọ̀pọ̀ ti ń ba tiwọn jẹ́. Inú kúlà tó ní yìnyín ni kó bá dé ilé. Omi kànga tàbí omi òjò ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, nítorí kilorín inú rẹ̀ ń pa ohun alààyè tó wà nínú oògùn. Mílíìkì oníyẹ̀fun tí kò ní ọ̀rá, ṣíbí díẹ̀, máa ń gbèjà oògùn náà. Kẹ́ ẹ ti gba omi lọ́wọ́ wọn fún wákàtí méjì ṣáájú, kí òùngbẹ gbẹ wọ́n, kí wọ́n lè mu ún tán kíá. Ìdájí ni kẹ́ ẹ ṣe é.

Ní Tanzania àti Mozambique, wọ́n ti ń lo oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní I-2, èyí tí àwọn ará Australia ṣe kó lè fara da ooru díẹ̀ ju àwọn ìyókù lọ. Ẹnì kan tí wọ́n kọ́ ní àdúgbò ló ń gbé e láti ilé dé ilé, tó ń kán an sójú adìẹ gbogbo abúlé, tí wọ́n á sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Àwọn náà rí i pé igo kan kò mọ ògiri ilé ẹnì kan. Ní Ògèrè, bí ilé márùn-ún bá ń lo 50 nínú 200, àyè 150 ló kù tí adìẹ ìbílẹ̀ àwọn aládùúgbò lè jẹ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ké sí wọn. Adìẹ wọn ló máa kó àrùn wá bá tiyín.

Ẹnì kan lè sọ pé bí a bá pa adìẹ pọ̀, a ti pa àrùn pọ̀ náà nìyẹn. Òótọ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí àrùn adìẹ H5N1 ní oko kan ní Jaji, ìpínlẹ̀ Kàdúná, ní oṣù Kejì 2006, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní gbogbo Áfíríkà. Kò sì pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹsẹ̀ ènìyàn, páálí, kíréètì àti táyà ọkọ̀ wà lára ohun tó ń gbé irú rẹ̀ kiri. Nítorí náà, ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé márùn-ún ni kó máa wọ yàrá àwọn òròmọdìẹ fún ọ̀sẹ̀ 8 yẹn, pẹ̀lú sálúbàtà tí kì í kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pín, kí oníkálùkù dúró ní ilé adìẹ tirẹ̀. Kíréètì oníwèé tó ti ọjà dé, kó má padà wọ ilé adìẹ mọ́.

Ìṣirò oúnjẹ rọrùn. Láti ọjọ́ kìíní dé ọ̀sẹ̀ 8, òròmọdìẹ kan á jẹ bíi kílò méjì oúnjẹ ọmọ adìẹ, nítorí náà àpò mẹ́rin á tó fún páálí kan. Láti ibẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ 18, á jẹ bíi kílò mẹ́rin àti ààbọ̀ sí i nínú oúnjẹ adìẹ tó ń dàgbà. Ẹ má fún òròmọdìẹ ní oúnjẹ àgbébọ̀ nítorí pé ó kù nílé o. Èròjà egungun àti ìkarahun inú rẹ̀ pọ̀ jù fún wọn, kíndìnrín wọn á sì bàjẹ́. Bákan náà, àgbébọ̀ tó ń yé tí ẹ bá ń fún ní oúnjẹ ọmọ adìẹ á yé ẹyin aláìléèpo.

Tí wọ́n bá ti ń yé, adìẹ mẹ́wàá á máa jẹ kílò kan àti díẹ̀ lójúmọ́, ká pè é ní kílò 1.2. Bí wọ́n bá ń ṣe dáadáa, ẹyin méje sí mẹ́jọ á máa jáde lójúmọ́, kíréètì kan á sì kún ní ọjọ́ mẹ́rin. Àpò kílò 25 kan, kíréètì márùn-ún. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ọjọ́ tí owó kíréètì márùn-ún bá kéré sí owó àpò fíìdì kan, ẹ ń fi owó yín bọ́ adìẹ. Tó bá jù ú lọ, adìẹ ń bọ́ ara rẹ̀. Ní 2024 tí kíréètì kan ju 5,000 náírà lọ, àgbàdo àti sóyà náà kò dúró sójú kan. Ìṣirò yìí kò bìkítà fún iye tí náírà dà.

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé adìẹ mẹ́wàá yóò kọ́lé. Ẹyin jíjẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí owó náírà di ọ̀wọ́n gógó lọ́wọ́ ará ìlú: àwọn olóko ńlá kò rí oníbàárà, ẹyin jọ lé ara wọn títí ó fi ń bàjẹ́ nínú ilé ìkẹ́rù. Ẹni tó ní adìẹ mẹ́wàá jẹ tirẹ̀, ó sì fún aládùúgbò ní ìyókù.

Ilé adìẹ mẹ́wàá kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ní gígùn àti márùn-ún ní ìbú. Kó ga tó ènìyàn, kí ìhà méjì rẹ̀ jẹ́ wáyà, kí ìhà tí òjò ti ń fẹ́ wọlé jẹ́ ògiri. Ojú wáyà náà gbọ́dọ̀ kéré débi tí eku kò ní lè gbà á. Àwòdì nìkan ni gbogbo ayé ń bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ eku àti ìjàlọ pa òròmọdìẹ ju àwòdì lọ. Ìjàlọ tó bá wọlé lóru kì í fi ọ̀kan sílẹ̀. Eérú gbígbóná yí ilé ká, kí ẹ sì gé koríko ẹ̀bá ibẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Dókítà ẹran á ní ká má bínú, adìẹ kò ní ihò òógùn kankan. Ẹnu ló fi ń mí kí ara rẹ̀ tó tutù. Lóṣù Kejì àti Kẹta tí oòrùn bá le, á la ẹnu, á yé kéré, èèpo ẹyin rẹ̀ á fẹ́lẹ́. Omi tútù lọ́sàn-án, ewé ọ̀pẹ lórí páànù, oúnjẹ ní ìdájí àti ìrọ̀lẹ́. Àwọn adìẹ wa tí ìyẹ́ wọn ká sókè àti àwọn tí ọrùn wọn wà lásán, tí àwọn ọmọdé fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, fara da ooru ju gbogbo àwọn elétòlétò yìí lọ.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20, ogbe orí wọn á pọ́n. Bí ẹ bá na ọwọ́ sí wọn, wọ́n á lúgọ mọ́lẹ̀, wọ́n á ká apá díẹ̀. Ẹyin ti dé nìyẹn. Àwọn àkọ́kọ́ á kéré, òmíràn á ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára èèpo. Ibi ìyélé méjì á tó adìẹ mẹ́wàá: kẹ́ẹ̀gì ńlá tí a gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀ẹ́rún pákó nínú, kó wà níbi tó ṣókùnkùn díẹ̀. Ẹ kó o lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹyin tó bá fọ́ sílẹ̀ ló ń kọ́ adìẹ ní jíjẹ ẹyin, ẹ̀kọ́ tí kì í gbàgbé mọ́. Àkùkọ kò pọn dandan. Ẹyin tí àkùkọ kò lọ́wọ́ sí kò lè di ọmọ, ṣùgbọ́n fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́, ọ̀kan náà ni, àwọn aládùúgbò yín á sì dúpẹ́ pé ariwo aago mẹ́rin ìdájí kò sí. Pupa ẹyin tó funfun kì í ṣe àrùn: ẹ fi tẹ̀tẹ̀ àti ewé mìíràn kún oúnjẹ wọn. Bí ẹ bá sì lo oògùn kòkòrò àrùn fún wọn, ẹ bi dókítà léèrè iye ọjọ́ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹyin wọn, kẹ́ ẹ sì da gbogbo ẹyin ọjọ́ wọ̀nyẹn nù. Títà á fún máìṣáì kò bójú mu.

Adìẹ yìí á máa yé dáadáa títí di nǹkan bí oṣù 18, lẹ́yìn èyí fíìdì á máa borí ẹyin. Àwọn alápatà àti àwọn ìyá tó ń ta adìẹ lásìkò ọdún á rà wọ́n lójú ẹsẹ̀; ẹran wọn le, ó sì dùn nínú ọbẹ̀. Nítorí pé òròmọdìẹ tuntun á gba oṣù márùn-ún kó tó yé, páálí kejì gbọ́dọ̀ wọlé nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá wà ní oṣù 13, kó má bàa sí àlàfo. Kò gbọ́dọ̀ wọ ilé kan náà pẹ̀lú àwọn àgbà, wọ́n á kó àrùn ràn án. Ilé kejì nínú márùn-ún ni kó gbà á lọ́dún yẹn, ẹni tí kò bá sì ní adìẹ àgbà nílé mọ́ ni kó kọ́kọ́ yọ̀ǹda yàrá.